Ilé àtòpọ̀: ẹ má tíì sanwó bí àwòrán inú àdéhùn àti èyí tó wà lọ́dọ̀ town planning kò bá jẹ́ ọ̀kan náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìpolówó ilé àtòpọ̀, ilé tí wọ́n ń fi irin ṣe ní àpótí-àpótí níbòmíràn kí wọ́n tó gbé e wá tò sórí ilẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní modular, ti gba orí Facebook àti WhatsApp kan báyìí. Wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni ilé máa fi délẹ̀, pé kò sí wàhálà bíríkìlà, pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ní àdúgbò Under G àti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lókè òkun ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ jù. Ilé náà kì í ṣe ayédèrú o. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó lágbára, ó sì ń yá. Inú ìwé ni owó ti ń ṣòfò: ìwé ilẹ̀, ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti ìwé àdéhùn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi pé wọn kò bá ara wọn tan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa sọ fáwọn òǹkàwé yín nìyí: àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí, àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé àdéhùn, àti àwòrán tí wẹ́dà ń wò gé irin níbi tí wọ́n ti ń ṣe ilé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, nọ́ńbà kan náà, déètì kan náà.

Ilé búlọ́ọ̀kù máa ń gba àtúnṣe. Bí òṣìṣẹ́ town planning bá dé, tó ní kí ẹ sún ògiri sẹ́yìn, okùn ni bíríkìlà máa tún fà. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ fèrèsé lójú, wọ́n á yọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Ilé àtòpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé irin, wọ́n ti jó o pọ̀, wáyà àti páìpù ti wà nínú ògiri tí wọ́n ti bò, kí ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó fojú kàn án. Bí ìjọba bá wá sọ pé ilé tó gùn tó mítà 12 kò lè wọ ilẹ̀ yẹn nítorí àyè tó yẹ kó ṣẹ́ kù níwájú àti lẹ́yìn, ta ló máa gé mítà kan ààbọ̀ kúrò lára àpótí irin? Ohun tí wọ́n bá kọ sínú àdéhùn ló máa dáhùn. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan, ẹni tó ti sanwó ló máa ru ẹrù náà.

Ilẹ̀ ló ṣáájú. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, òun ló sì mú kí C of O, ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà nílùú wa jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Rìsíìtì tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí buwọ́ lù kò tó. Bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n sì fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ àwọn awọnlẹ̀, wọn ilẹ̀ náà, kó sì bá yín wò ó ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì, Agodi, n'Ìbàdàn, bóyá ìjọba kò ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rántí pé títì ìjọba àpapọ̀ ni: mítà 45.72 láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìjọba àpapọ̀ ń pè ní tiẹ̀. Lábẹ́ wáyà iná ńlá ńkọ́? Mítà 15 ni kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín ìlà 132kV, mítà 25 fún ìlà 330kV. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kì í sọ èyí.

Ẹni tó yá ilẹ̀ lò ló tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé, "Ilé àtòpọ̀ ni, bí ọdún tí mo san bá pé, màá gbé e lọ." Lójú òfin, ohun tí wọ́n bá rì mọ́ ilẹ̀ di ara ilẹ̀, onílẹ̀ ló sì ni ín. Ní wákàtí tí wọ́n bá ti fi bóòtù dè é mọ́ kọnkéré, tí wọ́n fa omi àti iná sí i, onílẹ̀ lè sọ pé ó ti di tòun. Kí ìwé tí ẹ fi yá ilẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ayálẹ̀ ló ni ilé, pé ó lè tú u kó o kúrò, iye oṣù tó ní láti fi kó o, àti ẹni tó máa hú kọnkéré rẹ̀.

Ó wá kan àṣẹ ìkọ́lé. Ariwo tí à ń gbọ́ jù ni pé ilé tó ṣeé gbé kò nílò àpúrúfà. Irọ́ ni. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1992 kò béèrè bóyá búlọ́ọ̀kù ni tàbí irin. Ohun tó ń wò ni bóyá ẹ ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tàbí ẹ ń yí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ náà ṣe padà. Lọ́dún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ni ẹ máa bá pàdé nídìí rẹ̀, ní ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní àgbègbè yín.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn olówò ń gbà ṣìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, wọ́n sì máa ń gba owó lọ́wọ́ onísọ̀ kọ̀ǹténà, wọ́n á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. Ẹni tó bá gbé yàrá mẹ́rin lé orí ilẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì ìsọ̀ máa jí lọ́jọ́ kan rí i tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró.

Ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ yín bọ́ sí. Kínníìrá ni ọ́fíìsì ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ wà, Àrówómọlé ni ti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìlú ti fẹ̀ kọjá àwọn méjèèjì, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu alágbàtà lè wà ní Oríire, Sùúrùlérè tàbí Ògo Olúwa. Ìwé súfè ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu alágbàtà.

Àwọn ìwé tí wọ́n máa ń béèrè kò yàtọ̀ sí ti ilé búlọ́ọ̀kù: ìwé ilẹ̀, súfè, àwòrán ilé tí ayàwòrán tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ àwọn ayàwòrán ilé, buwọ́ lù, àwòrán irin àti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀ láti ọwọ́ ẹnjinníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjinníà, àti ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún 3. Ibi tó ti ń ṣòro ni ìṣirò irin. Olùtajà máa ń mú ìwé aláràbarà tí wọ́n fi polówó ọjà wá, àwòrán yàrá àti aga wà nínú rẹ̀, kò sí ìwọ̀n irin kankan. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fọwọ́ sí ìyẹn. Ẹ gba àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe é gan-an lọ́wọ́ olùtajà, ẹ fún ẹnjinníà yín, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ilẹ̀ yín àti ìjì wa, kó tó lu òǹtẹ̀ rẹ̀. (Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń rà láìjẹ́ pé ẹnjinníà ka àwòrán wà lóde. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá wó, ẹni tó ni òǹtẹ̀ á sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.) Inú àkáǹtì ìjọba ni kí owó wọ̀, kí rìsíìtì sì ní orúkọ yín lára. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i sọ́kàn pẹ̀lú: lábẹ́ òfin 1992 yẹn, bí ọdún 2 bá kọjá tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ní láti padà lọ sọ ọ́ dọ̀tun.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí àdéhùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣe é. Ẹ lè wá orúkọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC jẹ́ ti kọ́ńpìnnì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN jẹ́ orúkọ ìṣòwò, ẹni tó ń fi orúkọ náà ṣòwò gan-an ni ẹ̀ ń bá dá àdéhùn, nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sínú ìwé. Orúkọ tó wà ní CAC, orúkọ tó wà lórí àdéhùn àti orúkọ tó ni àkáǹtì báńkì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì "ọ̀gá", ẹ dúró níbẹ̀.

Àdéhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní ìlà kan lápá ìsàlẹ̀ tó sọ pé oníbàárà ló máa gba gbogbo àṣẹ. Ìlà kékeré yẹn ló ń fa ìnáwó tó pọ̀ jù, nítorí ìlà mìíràn wà lójú ewé tó tẹ̀ lé e tó sọ pé bí ilẹ̀ oníbàárà kò bá tíì ṣe tán lọ́jọ́ tí ilé bá parí, oníbàárà á máa san owó ibùdó lójoojúmọ́. Ẹ so méjèèjì pọ̀: àṣẹ ń falẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ilé ti parí, owó ń gorí owó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí gé irin títí ẹ ó fi fún wọn ní ẹ̀dà àṣẹ ìkọ́lé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni kí kíka ọjọ́ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ pé bí ẹ bá ti san àsansílẹ̀ kí àṣẹ tó jáde, tí ìjọba sì kọ̀, wọ́n á dá a padà, wọ́n á yọ owó àwòrán nìkan, kí iye owó àwòrán yẹn sì wà lákọsílẹ̀. Olùtajà tó bá mọṣẹ́ kì í bá yín jà lórí èyí.

Lórí owó sísan, ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ni kí ẹ san ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹ bá san tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa fi dá wọn dúró mọ́. Ká ní ilé ₦20,000,000 ni. Ètò tó dáa ni kí ẹ san ₦4,000,000 nígbà tí ẹ bá tọwọ́ bọ ìwé tí àṣẹ ìkọ́lé sì ti wà nílẹ̀. Kí ẹ san ₦6,000,000 nígbà tí férémù irin bá ti dúró, tí ẹnjinníà yín ti lọ wò ó kí wọ́n tó bo ògiri. Kí ẹ san ₦6,000,000 nígbà tí ó bá dé orí ilẹ̀ yín láìfọ́, ₦3,000,000 nígbà tí wọ́n bá tò ó tán tí omi àti iná ń ṣiṣẹ́, kí ₦1,000,000 tó kù, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wà lọ́wọ́ yín fún oṣù 6, kí òjò lè rọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn pé àwọn nílò owó ńlá ṣáájú kí wọ́n lè ra irin, kò burú, kí wọ́n mú ìwé onídùúró wá láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò fún iye yẹn. Ẹ tún béèrè bóyá VAT, owó orí ọjà, wà nínú iye tí wọ́n pè. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ogún mílíọ̀nù jẹ́ ₦1,500,000, owó kékeré kọ́.

Ọ̀rọ̀ dọ́là náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn gba olùtajà láyè láti fi kún owó bí náírà bá já. Bí ẹ kò bá lè yọ gbólóhùn yẹn, ẹ há a mọ́ra: kó kan kìkì àwọn ohun èlò tí wọ́n ń rà láti òkè òkun, kó dúró lórí iye pàṣípààrọ̀ tí ẹ kọ sínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó má sì kan ohun tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀ ni, ta ló ni ilé náà nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn? Bí kọ́ńpìnnì náà bá jẹ gbèsè, àwọn olówó lè wá kó gbogbo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé iye tí ẹ bá ti san fún ti di tiyín, kí wọ́n sì lu nọ́ńbà àti orúkọ yín mọ́ ara irin àpótí kọ̀ọ̀kan, kí fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Láti ibẹ̀ dé orí ilẹ̀ yín, kí wọ́n sọ ẹni tó ru ewu: bí tirélà bá ṣubú sí kòtò lójú ọ̀nà, ìwé adójútòfò ta ló máa sanwó?

Ohun èlò gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pẹ̀lú ìwọ̀n. "Ògiri tó dáa" kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ògiri ilé àtòpọ̀ jẹ́ páànù méjì tí nǹkan wà láàárín wọn. Bí ohun àárín náà bá jẹ́ fóòmù funfun, ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n ó ń jó, èéfín rẹ̀ sì burú. Rock wool, òwú òkúta, kì í gbiná, òun la máa mú fún ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ogún máa sùn sí tí wọ́n á máa dáná nínú rẹ̀. Ẹ kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ bó ṣe nípọn tó, mìlímítà 50, 75 tàbí 100, ẹ kọ bí páànù òde ṣe nípọn tó, kí ẹnjinníà mú ohun tí wọ́n fi ń wọn páànù dání lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Oòrùn Fẹ́búárì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀ pé ẹ ti sanwó. Ilé irin tí kò ní ohun tó ń dá ooru dúró lórí àjà kò ṣeé gbé lọ́sàn-án.

Wáyà náà gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n: 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ti omi gbígbóná. Ilé irin tí kò ní wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá jò wọlẹ̀, léwu gidi: wáyà kan péré tó bó lára irin, gbogbo ògiri, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ti di oníná. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí wọ́n fi irin earth sí i, kí ẹ̀rọ tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá jò, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára, wà nínú àpótí fíúùsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí owó náà kò kàn sí. Ibẹ̀ ni ẹ máa bá ìpìlẹ̀, kirénì, owó tirélà, sókawéè, omi, iná IBEDC, àtẹ̀gùn àti òrùlé kejì. Bí wọn kò bá kọ ibẹ̀ rárá, ohun tó burú jù nìyẹn, nítorí gbogbo rẹ̀ máa di àríyànjiyàn lọ́jọ́ tí tirélà bá dé.

Ìpìlẹ̀ ni kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí bíríkìlà ìlú ló sábà máa ń ṣe é, nígbà tí ẹni tó ń ṣe ilé wà ní Èkó. Àwọn méjèèjì kì í ríra. Ká ní ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 6 ni. Bí igun rẹ̀ bá pé, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 13.42, níhà méjèèjì. Bí ẹ bá ta téèpù, tí ọ̀kan jẹ́ 13.36 tí èkejì jẹ́ 13.47, ilé ti wọ́, bóòtù tí wọ́n rì mọ́ kọnkéré kò ní bá ihò ìsàlẹ̀ irin mu. Kirénì máa gbé àpótí náà dání lófuurufú, owó wákàtí rẹ̀ á máa lọ, wẹ́dà á máa sáré fẹ ihò. Orí òpó kọnkéré gbogbo tún gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó ju mìlímítà 5 lọ ló ń mú kí ilẹ̀kùn há kó tó pé oṣù mẹ́ta, nítorí férémù ti tẹ̀. Kí àdéhùn sọ pé olùtajà ló máa fún yín ní àwòrán ìpìlẹ̀, pé yóò wá wọ̀n ọ́n, yóò sì buwọ́ lù ú pé ó bára mu, kí ilé tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé yẹn, kò lè sọ pé bíríkìlà yín ló bà á jẹ́.

Bóòtù kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi dín owó kù. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ 20 tó ṣófo wọn tọ́ọ̀nù 2 àti díẹ̀ péré. Ìjì tó ń sáré ní bíi kìlómítà 110 láàárín wákàtí kan lè ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ń fi òrùlé ṣe nílùú yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ilé lé orí búlọ́ọ̀kù lásán.

Ọ̀nà tí ilé máa gbà wọlé náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àpótí tó ga ní mítà 2.9 lórí tirélà tó ga ní mítà 1.5 ti di mítà 4.4, wáyà iná àdúgbò mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rìn ín láti Tákié dé ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú igi tí ẹ ti wọ̀n. Ní ti kirénì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára máa ń tan èèyàn jẹ. Kirénì tọ́ọ̀nù 25 ń gbé tọ́ọ̀nù 25 nígbà tí ẹrù bá wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní láti na apá kọjá ilé aládùúgbò, tọ́ọ̀nù díẹ̀ ló kù tó lè gbé. Nítorí náà, kí ìwọ̀n àpótí kọ̀ọ̀kan wà nínú àdéhùn.

Àwọn tó ń rà á tààrà láti Ṣáínà tàbí Amẹ́ríkà ní ìṣòro tiwọn. Iye tí wọ́n kọ FOB sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò kan owó ọkọ̀ ojú omi. CIF kan ọkọ̀ àti adójútòfò dé èbúté, kò kan owó asọ́bodè, kò kan tirélà láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Báńkì gbọ́dọ̀ ti ṣe Form M, fọ́ọ̀mù ìkẹ́rù wọlé, kí ẹrù tó gbéra, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sì máa béèrè SONCAP, ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ilé Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ ti iná 120V, tiwa jẹ́ 230V. Àwọn kan tún máa ń fi àmì pupa HUD, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, yangàn. Lóòótọ́, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1976 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní òfin fún irú ilé oníférémù táyà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àmì yẹn kò gba ipò àṣẹ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, wọ́n á mú ìwé jáde kí ẹ buwọ́ lù ú. Bí ó bá ní "ó dé ní pípé", ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó dé ṣùgbọ́n ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ibi tí àpótí méjì ti pàdé ni omi sábà máa ń gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fa rọ́bà omi gun orí rẹ̀, ẹ da omi sí ojú ibi ìpàdé náà fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan dúró nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó san owó ìtò.

Bí ẹni tó máa tọwọ́ bọ ìwé kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé náà fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ pé wọ́n kà á, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ pé ẹjọ́ ti máa wáyé pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ Èkó, ẹ yí i sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ilé wà. Ẹ lè kọ́kọ́ gbà láti lọ sọ́dọ̀ alárinà, òfin ìlàjà ti ọdún 2023 fàyè gbà á. "A kì í dá owó padà" tí wọ́n tẹ̀ sórí rìsíìtì kò sì pa ẹ̀tọ́ yín rẹ́ lórí ọjà tó ní àbùkù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń mú un ṣẹ.

Ìbéèrè kan la ní fún ìjọba ìpínlẹ̀ nípasẹ̀ ìwé ìròyìn yín. Ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006 fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ilé wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ilé tó parí sí ìlú mìíràn kó tó dé kò ṣeé yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Kí fọ́ọ̀mù àṣẹ ìkọ́lé ní ibi tí wọ́n á kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń ṣe ilé náà sí, àti ọjọ́ tí férémù máa dúró láìbò, kí òṣìṣẹ́ town planning tàbí ẹnjinníà COREN tí wọ́n bá gbà lè lọ síbẹ̀, kó wo irin àti wáyà, kó sì buwọ́ lu ẹ̀dà àwòrán tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó kan páànù mọ́ ọn.

Àwa oníṣẹ́ ilé mélòó kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.